ÌTÀN ÒṢÙWỌ̀N ÌGBÓNÁ, TI ARA ÀTI TI AYÉ

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké lóru, tí ó sì kọ ọyàn, ìyá rẹ̀ kì í kọ́kọ́ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni yóò fi kan ọmọ náà lọ́rùn àti níwájú orí, kí ó sì tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ti mọ̀ bóyá ara ọmọ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni tàbí ó gbóná janjan. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ìyá yìí pé, mélòó ni ìgbóná ti òní fi ju ti àná lọ? Kò lè dáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú omi tútù ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀, nítorí pé ó ń fọ aṣọ, ara tí kò ṣe nǹkan kan yóò gbóná lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó bu omi sínú ọpọ́n mẹ́ta, kí ọ̀kan tutù, kí ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀kan gbóná níwọ̀n tí awọ ara lè gbà. Kí ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú èyí tí ó tutù, kí ó ki ọwọ́ òsì bọ inú èyí tí ó gbóná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó kó méjèèjì sínú èyí tí ó wà láàrin. Omi kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yóò ní ó gbóná, ọwọ́ òsì yóò ní ó tutù. Ẹlẹ́rìí méjì láti ara ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu!

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí aráyé ṣe kúrò lórí ọwọ́ tí wọ́n bọ́ sórí nọ́ńbà, àti ohun tí ojú wọn ti rí pẹ̀lú nọ́ńbà náà láti ìgbà yẹn wá. Àwọn kan rò pé bí nọ́ńbà bá ti jáde, àríyànjiyàn parí nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí lọ́jà rí yóò rẹ́rìn-ín sí irú èrò bẹ́ẹ̀. Kóńgò ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn jìn nínú, ti ẹlòmíràn sì rèé, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kí ènìyàn tó mọ iye gàrí tí òun rà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí kóńgò dà, kí ó wo ìdí rẹ̀. Ìtàn àwọn tí ó ṣe kóńgò ni a fẹ́ sọ, àti ti àwọn tí ó yí i dà wò.

Ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Santorio Santorio, tí ó di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì ìlú náà ní 1611. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìwọ̀n dé ibi pé ó so àga rẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n ńlá kan, orí àga yìí ni ó sì ń jókòó sí jẹun, kí ó lè mọ bí ohun tí ó wọ inú ara ti tó àti bí èyí tí ó jáde ti tó. Galileo, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ ní Padua, ti mọ ọgbọ́n ìgò kan: bí a bá mú ìgò kékeré tí ọrùn rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí a mú kí ó gbóná díẹ̀, tí a wá da ọrùn rẹ̀ dé inú omi, omi yóò gòkè nínú ọrùn náà bí afẹ́fẹ́ inú ìgò ti ń tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá tún gbóná, yóò ti omi náà sísàlẹ̀. Santorio ni ó fàlà sí ọrùn ìgò náà, ó sì ní kí aláìsàn fi orí ìgò há ẹnu, kí a wo iye àlà tí omi yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí ẹnì kan fi nọ́ńbà sọ ìgbóná ara aláìsàn.

Kóńgò Santorio ní àbùkù kan ní ìdí, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè mọ̀ ọ́n. Omi tí ìgò náà dojú bọ̀ wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ ayé sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Afẹ́fẹ́ a máa wúwo ní ọjọ́ kan, a sì máa fúyẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n 1643 ni Torricelli tó fi èyí han àwọn ènìyàn, lẹ́yìn ikú Santorio. Nítorí náà nǹkan méjì ni ohun èlò yìí ń wọ̀n pa pọ̀, ẹni tí ń wò ó kò sì mọ èyí tí òun ń rí nínú méjèèjì.

Àwọn ará Florence ni wọ́n tún un ṣe. Ferdinando Kejì ti ìdílé Medici, tí ó jẹ́ olórí ilẹ̀ Tuscany, jẹ́ ọba tí ó fẹ́ràn irú iṣẹ́ báyìí, ó sì ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ dígí rọ ọtí líle sínú ọ̀pá dígí, kí wọ́n sì dí i lórí pa. Afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ mọ́. Láti 1654, wọ́n fi irú ọ̀pá kan náà ránṣẹ́ sí Pisa, Bologna, Parma, Milan, Innsbruck, Osnabrück, Paris àti Warsaw, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa kà á lójoojúmọ́ kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di 1670 ni iṣẹ́ yìí ṣe wà kí ó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Níbẹ̀ ni wíwọn ojú ọjọ́ ti di iṣẹ́ àjọṣe ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n àlà tí àwọn ará Florence fà, tiwọn nìkan ni: ẹni tí kò bá ní ọ̀pá láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wọn kò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí tí ó kàn ni Daniel Gabriel Fahrenheit, tí wọ́n bí ní Danzig ní 1686. Ní 1701, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ kan náà, olú olóró ni wọ́n jẹ. Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ rán an lọ sí Amsterdam kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ òwò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dígí ni ó wọ ọmọ náà lára ju ti ìwé ìṣirò owó lọ. Ó rìn kiri títí ó fi dé Copenhagen ní 1708, níbi tí ó ti rí bí Ole Rømer, onímọ̀ ìràwọ̀, ṣe ń fàlà sára tẹ̀mómítà tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ọtí sílẹ̀, ó mú mẹ́kúrì, irin funfun tí ń ṣàn bí omi. Nínú ìwé tí ó kọ sí Ẹgbẹ́ Ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1724, ó ṣàlàyé pé ibi mẹ́ta ni òun fi ṣe òpó àlà òun. Òdo ni ibi tí mẹ́kúrì dúró sí nínú àdàlù yìnyín, omi àti iyọ̀. 32 ni ibi tí ó dúró sí nínú omi àti yìnyín tí kò ní iyọ̀. 96 sì ni ibi tí ó gòkè dé ní ẹnu tàbí ní abíyá ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ nídìí òpó kẹta yìí. Kí tẹ̀mómítà tó wọn ara ènìyàn, ara ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wọn tẹ̀mómítà! Ara ta ni? Ní òwúrọ̀ ni àbí ní ìrọ̀lẹ́? Ọmọdé ni àbí àgbàlagbà? Lẹ́yìn tí Fahrenheit kú ní 1736, àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe rí i pé ara kò ṣe é fi ṣe òpó. Ibi tí omi ti ń hó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n pe ìyẹn ní 212, bí wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ara ẹni tí ara rẹ̀ dá kúrò ní 96, ó bọ́ sí 98 ó lé díẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ara ẹnikẹ́ni o. Òpó ni wọ́n ṣí nídìí.

Ti Anders Celsius ti Uppsala kò gba àsọgùn. Ní 1742, ó pín àárín yìnyín àti omi híhó sí ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó gbé e dorí kodò, 0 ni ó pe omi híhó, 100 ni ó pe yìnyín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n yí i padà sí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Fahrenheit kí tẹ̀mómítà tó di ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Àwọn dókítà gbẹ́kẹ̀ lé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, wọ́n ń wo ahọ́n, wọ́n ń wo ìtọ̀. Ohun èlò náà gùn, ó ń pẹ́ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì tètè ń fọ́. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìwúlò rẹ̀. Anton de Haen lò ó ní Vienna. James Currie náà lò ó ní Liverpool, ìlú tí ọkọ̀ òwò ẹrú ti ń gbéra wá sí etíkun Áfíríkà nígbà náà. Currie wà lára àwọn tí ó fi kálàmù bá òwò náà jà ní àárín àwọn tí ń jẹ lára rẹ̀, ó sì yẹ kí a rántí rẹ̀ fún ìyẹn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1797, ó sọ bí òun ṣe ń da omi tútù lé àwọn aláìsàn ibà lórí, tí òun sì ń fi tẹ̀mómítà mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dà á àti ìgbà tí kò yẹ.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá ni Carl Reinhold August Wunderlich. Ó di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn yunifásítì Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì ní 1850, nígbà tí ó sì di 1851 ó pàṣẹ pé kí a máa fi tẹ̀mómítà wo gbogbo aláìsàn tí ó bá wọlé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Tẹ̀mómítà ìgbà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Abíyá ni wọ́n ń fi sí, aláìsàn yóò sì há a mọ́ra fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ ro bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó: nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni ó wò, a sì ń sọ pé iye ìgbà tí wọ́n ka tẹ̀mómítà lé ní mílíọ̀nù kan, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò kankan. Ní 1868 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Nǹkan méjì ni ìwé yìí ṣe. Èkínní ni pé kí Wunderlich tó dé, ibà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àrùn. Òun fi hàn pé àmì àrùn ni, bí èéfín ti jẹ́ àmì iná. Ó ya ìgbóná ara aláìsàn sórí pépà lójoojúmọ́, bí òkè àti àfonífojì, ó sì rí i pé àrùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó ń gbà rìn. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Òmíràn nínú irú ibà tí ẹ̀fọn ń fún wa a máa fò sókè lójijì, a sì padà wálẹ̀, a sì tún dé ní ọjọ́ kẹta. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ibà kì í ṣe ẹyọ kan, wọn kò sì pe ibà pọ́njú pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ohun tí Wunderlich fi kún un ni ìwé tí ẹlòmíràn lè kà lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ sílé tàbí tí ó ti kú.

Èkejì ni nọ́ńbà kan: 37. Ó ní ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn ìgbóná ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó sì ní bí ó bá ti ju 38 lọ, kí a fura. Kò fi pa mọ́ pé ara kò dúró lójú kan: ó kọ ọ́ pé ara tutù jù ní ìdájí, ó gbóná jù ní ìrọ̀lẹ́, pé ti obìnrin ga díẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, pé ti arúgbó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu, gbogbo àlàyé wọ̀nyí jábọ́ lọ́nà, 37 nìkan ni ó délé. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lo ìwọ̀n Fahrenheit, wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, ó di 98.6. Ẹni tí ó bá gbọ́ 98.6 yóò rò pé wọ́n wọ̀n ọ́n tínrín-tínrín ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣirò ni ó bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó gbọ́ pé nǹkan bí ogójì ènìyàn ni ó wá síbi ìyàwó, tí ó wá ń ròyìn fún ará ilé pé wọ́n ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàrin ìgbà náà, Thomas Clifford Allbutt ní Leeds ti ṣe tẹ̀mómítà kúkúrú tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ohun èlò náà sì wọ àpò gbogbo dókítà, nọ́ńbà náà sì wọ orí wọn.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́fà ọdún kí ẹnì kan tó yí kóńgò Wunderlich dà. Ní 1992, Philip Mackowiak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ènìyàn 148 tí ara wọn dá, tí wọ́n wọn ìgbóná ẹnu wọn ní ìgbà 700. Àárín gbùngbùn tí wọ́n rí ni 36.8. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìgbà mẹ́jọ péré ni ó bọ́ sórí 98.6 gan-an. Lẹ́yìn náà Mackowiak rí ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀mómítà Wunderlich ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Philadelphia, ó fi wé ti òde òní, ó sì rí i pé ó ń ka ìgbóná sókè ju bí ó ti yẹ lọ, ó ju dìgírì kan lọ! Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó tán, ọ̀rọ̀ ti yé wa, kóńgò baba ni kò dára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford gbé ìbéèrè mìíràn dìde: bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni Wunderlich sọ fún ìgbà tirẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ara ènìyàn ni ó ti ń tutù ńkọ́? Wọ́n kó àkọsílẹ̀ 677,423 jọ láti ibi mẹ́ta: ti àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí ó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ti ìwádìí tí ìjọba ṣe láàrin 1971 sí 1975, àti ti àwọn tí ó wá sí ilé ìwòsàn Stanford láàrin 2007 sí 2017. Bí ọdún ìbí bá fi mẹ́wàá sún mọ́ wa, ìgbóná ara a dín ní nǹkan bí 0.03 dìgírì. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi 0.59 dìgírì gbóná ju ọkùnrin òde òní lọ.

Ẹnikẹ́ni yóò wí pé tẹ̀mómítà ni ó yí padà. Àwọn ará Stanford ti rò ó ṣáájú rẹ̀, ìdáhùn wọn sì ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹ má fi ọmọ ogun wé ará òde òní rárá. Ẹ fi ọmọ ogun wé ọmọ ogun. Nínú àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí, tí irú tẹ̀mómítà kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n, àwọn tí wọ́n bí tẹ́lẹ̀ gbóná ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn lọ, bí ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n. Kóńgò kan náà, gàrí yàtọ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé ní ayé àtijọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ, egbò tí kò jinná, eyín jíjẹrà àti ibà kì í kúrò lára àwọn ènìyàn, ara sì ń jà lọ́sàn-án lóru. Àwọn mìíràn ṣe irú ìwádìí yìí láàrin àwọn Tsimane, àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́dẹ inú igbó Bolivia, wọ́n sì rí i pé ara tiwọn náà ti tutù díẹ̀ láàrin ọdún tí kò tó ogún. Èmi gba ti àwọn ará Stanford gbọ́ ju ti àwọn alátakò wọn lọ, ṣùgbọ́n a kò lè jí Wunderlich dìde kí ó wá há tẹ̀mómítà tiwa sí abíyá, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì kò jẹ̀bi.

Ìbéèrè tí a bi ara yìí náà ni a ti bi ayé: ṣé òun ni ó gbóná, àbí ohun tí a fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni Guy Stewart Callendar, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ onínyà omi gbígbóná ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọjọ́. Hugh, bàbá rẹ̀, ni ó sọ wáyà pílátínọ́ọ̀mù di òṣùwọ̀n ìgbóná tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ti ń fura sí tẹ̀mómítà. Ní 1938, Callendar ka ìwé kan fún Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ojú Ọjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó ti kó àkọsílẹ̀ ibùdó 147 jọ, ó fi ọwọ́ ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, ó sì ní ní àádọ́ta ọdún tí ó kọjá, ilẹ̀ ayé ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dìgírì gbóná sí i, pé èéfín èédú tí a ń jó wà lára ohun tí ó fà á. Sir George Simpson, olórí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba, wà lára àwọn tí kò gbà. Àwọn kan ní ìlú ni ó fẹ̀ yí tẹ̀mómítà ká, pé òrùlé àti òpópónà ni ó ń gbóná. Callendar ti wo ìyẹn náà: ó ti fi ti ìgboro wé ti ìgbèríko.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá títí di òní ni pé wọn kì í fi ibì kan wé ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé báwo ni Ìbàdàn ṣe gbóná ju Jos lọ. Jos ni a fi ń wé Jos ti àtijọ́, Ìbàdàn ni a fi ń wé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn gba pé kí àtijọ́ wà nínú ìwé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun ilẹ̀ Áfíríkà: ìjọba lè ra tẹ̀mómítà tuntun lọ́la, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti lè ra àkọsílẹ̀ ọdún 1880. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gordon Manley to àkọsílẹ̀ pọ̀ ní oṣooṣù títí dé 1659.

Ojú òkun ni iṣẹ́ ti le jù. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn atukọ̀ ti ń ju korobá sínú òkun, tí wọ́n ń fa omi sókè, tí wọ́n sì ń ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá, korobá aṣọ líle ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àmù ìyá àgbà yóò tètè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: omi a máa là jáde lára àmù, atẹ́gùn a gbẹ ẹ́, omi inú rẹ̀ a sì tutù. Bẹ́ẹ̀ ni korobá aṣọ ń ṣe, kí atukọ̀ tó ka tẹ̀mómítà, omi òkun ti tutù ju bí ó ti wà nínú òkun lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà, ti Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọ́n ń wọn omi tí ó ń gba inú páìpù lọ tu ẹ́ńjìnnì lára. Ìyẹn máa ń gbóná díẹ̀ ju òkun lọ.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti 1942 títí di àárín 1945, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ òkun. Bí ogun ti parí, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà sí iṣẹ́, korobá sì padà pẹ̀lú wọn. Nínú ìwé, gbogbo òkun ayé fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dìgírì tutù lójijì ní 1945! Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tí ó fa òtútù yìí. Ní 2008, David Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta fi hàn pé kò sí òtútù kankan. Àsíá tí ó wà lórí ọkọ̀ ni ó yí padà. Àwọn tí ń pariwo pé àwọn onímọ̀ ń fi àtúnṣe bu epo sí iná kò mọ ohun tí àtúnṣe òkun ṣe. Nítorí pé korobá àtijọ́ ń ka òkun ní tútù ju bó ti yẹ lọ, àtúnṣe gbé ìgbóná àtijọ́ sókè, ó sì dín iye tí ayé fi gbóná sí i kù. Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí náà, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé kéde pé 2024 fi nǹkan bí 1.55 dìgírì gbóná ju àárín ọdún 1850 sí 1900 lọ.

Kí a padà sára ènìyàn, ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ní oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ó jáde nílé ìwòsàn, òun náà sì bá a lọ ní oṣù Kẹjọ. Ohun tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ iṣẹ́ Wunderlich láti ojúlé dé ojúlé: ènìyàn 894 ni wọ́n ní ó ti ṣalábàápàdé àwọn aláìsàn náà, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n fún ọjọ́ 21 bóyá ara wọn ń gbóná. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà, 8 kú, a sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ rí tẹ̀mómítà tí wọ́n ń nà síni níwájú orí bí ìbọn, ìgbà Kòrónà ní 2020 sì ni ó di èrò ẹnu ọ̀nà báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun èlò yìí kì í wọ inú ara rárá. Ooru tí awọ ń tú jáde ni ó ń gbà, ó sì ń ṣe ìṣirò láti ibẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wá àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀ kò lè gba nọ́ńbà kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní Kòrónà kò sì ní ibà rárá.

Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan tẹ iṣẹ́ kan jáde láti àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì Emory ní Atlanta. Àwọn aláìsàn tí ó lé ní 4,000 ni, dúdú àti funfun, tí wọ́n fi tẹ̀mómítà iwájú orí wò, tí wọ́n sì fi ti ẹnu wò láàrin wákàtí kan. Ní ti àwọn aláwọ̀ funfun, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ibà bákan náà. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹnu rí ibà lára 13, ti iwájú orí rí i lára 10. Àwọn mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù yìí, 38 dìgírì ni ara wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ohun èlò náà kà wọ́n mọ́ àwọn tí ara wọn dá.